Àbùlà Láìsí Ẹran Rẹpẹtẹ: Bí A Ṣe Lè Jẹ Oúnjẹ Aṣaralóore Lówó Péréte ní Ìbàdàn

Òróró inú ọ̀rá ló là mí lójú. Lọ́wọ́ ìyá kan tó ń pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa ní Apẹ̀tẹ̀ ni mo ti máa ń rà á: ọ̀rá kan láàárọ̀ láti fi dín ẹyin, òmíràn lálẹ́ láti fi dín ata. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, n kì í tilẹ̀ rántí pé mo ná an. Ọjọ́ tí mo jókòó ka gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó rí i pé owó òróró ọ̀rá yẹn ì bá ra ìgò ńlá tí a ó fi dáná fún oṣù kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹsì tí mo ń fi ago mílíìkì rà, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni edé lílọ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ló ń ra nǹkan lọ́wọ̀n-ọ́n jù, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á.

Ẹni tó ń fi owó tí kò tó bọ́ ilé, tí kò sì fẹ́ kó jẹ́ gàrí àti ìrẹsì nìkan ni ilé ń rí jẹ, òun ni mo kọ èyí fún. Ẹni márùn-ún ni wá nílé tiwa, ọmọ méjì kéré nínú wọn. N kò ní kọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà síbí, torí kí ẹ tó kà á tán, iye náà lè ti yí. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná

Ẹ má tíì dín ohunkóhun kù. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu ará ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì: ohun tí ẹ rà, bó ṣe pọ̀ tó, iye rẹ̀, ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ kọ pọfupọ́ọ̀fù ojú ọ̀nà, ẹ kọ míńráà, ẹ kọ búrẹ́dì. Baálé ilé náà gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀, bí ìjà yóò bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíírò pupa fa ìlà sí ìdí ohunkóhun tí ẹ rà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó bá ní ìlà pupa nídìí ni ẹ ó kọ́kọ́ máa rà ní púpọ̀. Tiwa jẹ́ mẹ́rin: òróró, ìrẹsì, edé, ṣúgà. Ṣúgà la kàn dín kù. Àwọn mẹ́ta yòókù la bẹ̀rẹ̀ sí í rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

2. Ẹ yí ohun tó wà nínú àwo padà

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ wo àwo àbùlà. Àmàlà wà nísàlẹ̀, gbẹ̀gìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewédú, ata wà lórí wọn. Òkèlè nìyẹn, ẹ̀wà nìyẹn, ewé nìyẹn, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ àti irú díẹ̀. Bí kò bá sí ẹyọ ẹran kan ṣoṣo níbẹ̀, oúnjẹ tó pé ni. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí ilé alámàlà èyíkéyìí láti Mókọ́lá títí dé Ọjà Ọba, ẹ ó rí i pé gbẹ̀gìrì ti di ohun tí wọ́n kàn ń fi ta àwo láwọ̀, ìpọnbẹ̀ kan péré fún ẹnì kan. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi oníbàárà ni, “Ẹran mélòó?” Ibẹ̀ sì ni owó ń bá lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, gbé e jáde pé oúnjẹ aṣaralóore tó dín owó jù lọ tí àgbàlagbà kan lè jẹ lójúmọ́ jẹ́ ₦982, àti pé ọ̀dọ̀ tiwa ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ló wọ́n jù. Iye yẹn ti di ìtàn báyìí. Ohun tí mo mú nínú ìṣirò wọn ni pé ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà nìkan ló ń gbé ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹbí wọn ló náni lówó kéré jù. Mo kà á fún ìyá mi. Wọ́n ní, “Ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé gbẹ̀gìrì kì í náni lówó?”

Ẹ fi ojú purotéènì wò ó, ìyẹn èròjà tó ń mú ara dàgbà, tó ń tún un ṣe. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ ní nǹkan bíi gíráàmù 23 nínú. Ẹyin kan ní bíi 6. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù gàrí, agbára káká ni ó fi tó 2. Nítorí náà, ẹni tó fi gàrí yó láàárọ̀, tó fi èbà ńlá yó lálẹ́, tó wá fi ẹran bí ìka ọwọ́ kan parí rẹ̀, ikùn rẹ̀ kún lóòótọ́, àmọ́ ara rẹ̀ kò rí nǹkan gbà.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ dín òkèlè kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ sọ ọbẹ̀ di ìlọ́po méjì. Kí gbẹ̀gìrì kún àwo. Kí ẹ̀fọ́ jẹ́ ẹ̀fọ́ tí a ń fi ṣíbí bù, kì í ṣe omi ata tí ewé mẹ́ta ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Èlùbọ́ tí ẹ bá dín kù á ra ẹ̀wà tí ẹ fi kún un. Ẹni tó ń gbé bíríkì ní sáìtì kò gbọdọ̀ dín tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀ ni mo ń bá wí.

Àwọn ìyá wa ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́. Ògì àti àkàrà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì àti ẹ̀wà: ohun tó ṣàìtó nínú ọkà wà nínú ẹ̀wà, èyí tó ṣàìtó nínú ẹ̀wà wà nínú ọkà. Tí ẹ bá jẹ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, purotéènì wọn á pé bíi ti ẹran.

Pọ̀nmọ́ wá ńkọ́? Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ ni, purotéènì inú rẹ̀ kò pé, ẹ má kà á mọ́ ẹran. Tí ẹ bá ra pọ̀nmọ́, ẹ mọ̀ pé adùn ẹnu lẹ rà.

3. Ẹ mọ ọjà tí ẹ ó ná

Bódìjà ni ti ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́, gàrí, àti ohunkóhun tó bá ń ti òkè Ọya wá nínú àpò. Ṣáṣá ni orísun tòmátì, ata àti àlùbọ́sà. Ní Febuari 2021 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ọjà náà pa nígbà rògbòdìyàn, gbogbo ìlú ló mọ ibi tí ata tí wọ́n ń lọ̀ ti ń wá. Agbeni ni ti mílíìkì, ṣúgà àti àwọn nǹkan inú páálí. Fún ẹ̀fọ́, ẹ má lọ jìnnà: ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń já a nínú oko ẹ̀bá odò ládùúgbò yín lè dára ju ti ọjà ńlá lọ, nítorí ẹ̀fọ́ tó ti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbátan lábúlé ẹ̀yìn ìlú, kó béèrè ọjọ́ ọjà ọrọọrún wọn. Mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà níbẹ̀ lówó tí wọn ò ní gbà ní Bódìjà láéláé.

Àmọ́ owó ọkọ̀ wà nínú iye ọjà. Tí owó tí ẹ ó san fún míkírà ní àlọ àti àbọ̀ bá ju ohun tí ẹ ó jèrè lórí kóńgò kan lọ, ẹ rà á lọ́wọ́ alárobọ̀ àdúgbò kí ẹ sinmi. Ìrìn àjò ọjà ńlá kì í pé fún kóńgò kan. Ó ń pé fún kóńgò mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń lọ.

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù tí ẹ bá fẹ́ èyí tó dára, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá fẹ́ èyí tó dínwó. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò fẹ́ gbé ẹ̀fọ́ délé.

4. Kóńgò, ènì, àti ọgbọ́n ọjà

Gbogbo kóńgò kọ́ ni kóńgò. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé títí tó fi wú sókè nínú bí ìdí ìgò wáìnì. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó bu ọjà sí i. N kì í sọ̀rọ̀ tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, mo kàn máa ń dá a padà ni, kí n rẹ́rìn-ín, kí n kọjá sí ìsọ̀ kejì. Òmíràn tún wà tí ìdí rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n olùtajà á fi ìka rọra tẹ ẹ̀wà tó ga lórí rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń tún un ṣe. Kóńgò gidi gbọ́dọ̀ ga ṣóńṣó.

Ẹ ra kóńgò tiyín. Kò wọ́n, ó sì ń dá àríyànjiyàn dúró. Ní ọjọ́ kìíní tí mo gbé tèmi lọ, ìyá ẹlẹ́wà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn wò mí lókè wò mí nílẹ̀.

“Ìyá Àdùkẹ́, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ mọ́ ni?”

“Mo gbà yín gbọ́ mà. Ìwé ìṣirò mi ni kò gbà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n fi tèmi wọn mẹ́fà, wọ́n wá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. “Ènì ọlọ́gbọ́n rèé.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn nìkan. Ẹ ní oníbàárà kan tí ẹ kì í yẹ̀, ẹni tó mọ̀ yín ni yóò sọ fún yín pé, “Ẹ má ra eléyìí, ó ti pẹ́ nílẹ̀, kò ní tètè jinná.”

Òun náà ló kọ́ mi pé kí n máa fi eyín gé ẹ̀wà kan wò. Ẹ̀wà tuntun máa ń gé wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí tó ti gbó le bí òkúta, gáàsì tí ẹ ó fi sè é á sì jẹ èrè rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ó bá ń rùn bí òògùn kòkòrò, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó dínwó tó. Fífọ̀ kò lè mú un kúrò pátápátá. Ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ wà lára rẹ̀ sàn ju èyí tí kòkòrò ń sá fún. Bí ẹ bá rí ẹ̀wà tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ àpò, tí wọ́n ń ta á lówó pọ́ọ́kú, ẹ rà á fún gbẹ̀gìrì. Ẹ ṣáà ń bọ̀ wá fi ìjábẹ̀ lọ̀ ọ́.

Láti mọ ohun tí rírà díẹ̀díẹ̀ ń ná yín, ẹ da kóńgò ìrẹsì kan sínú abọ́ nílé, kí ẹ fi ago mílíìkì wọ̀n ọ́n. Ẹ ka iye ago tó wà níbẹ̀, ẹ fi iye tí ẹ ń ra ago kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ yọ owó kóńgò kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá kù ni owó tí ẹ ń san fún àìlówó.

5. Ẹ dáwó jọ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀

Ta ló fẹ́ mú owó àpò ẹ̀wà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Èmi ò ní in. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́rin ní in. Àjọ la fi ń ṣe tiwa: gbogbo ọ̀sẹ̀ ni olúkúlùkù ń san díẹ̀, níparí oṣù a ra àpò kan, a pín in sí mẹ́rin. Òfin wa ò ju méjì lọ. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà, kì í ṣe ẹnì kan. Ojú gbogbo wa la sì ti ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú kóńgò kan náà, títí tí àpò á fi ṣófo. Mo ti dá lọ rí. Nígbà tí mo dé, kóńgò méjì dín nínú ohun tí wọ́n retí, ojú tí àwọn ará ilé kejì fi wò mí lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ rí i mọ́.

Kòkòrò ni ọ̀tá ẹ̀wà. Ẹ má fi òògùn kankan sí i. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tí inú rẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ da ẹ̀wà tó ti gbẹ dáadáa lóòrùn sí i títí yóò fi dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú. Ẹ má máa ṣí i lójoojúmọ́ o. Ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ kan sínú ike kékeré, kí ẹ dé kẹ́ẹ̀gì padà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ rà ní púpọ̀ ni ẹ̀fọ́, ẹja tútù, tòmátì, àti ohunkóhun tó fẹ́ yìnyín. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé fìríìsà ní Ìbàdàn mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

6. Ẹran, ẹja, ẹyin: díẹ̀ tó mọ́gbọ́n wá

N kò ní kí ẹ má jẹ ẹran. Mo ní kí ẹ jẹ́ kó dà bí irú: ohun tó ń fún ìkòkò ládùn. Ẹran tí a gé kéékèèké bí ẹ̀kúrọ́, tí a pò mọ́ ẹ̀fọ́, á kárí ẹni márùn-ún. Ẹran kan náà tí a gé sí márùn-ún á dá ìjà sílẹ̀ lórí èyí tó tóbi.

Ẹja yìnyín, tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó, ló ń pé wa jù. Kí ẹ tó béèrè Títọ̀ọ́sì, ẹ béèrè iye ṣàwá àti kòtè. Ṣàwá ní eegun púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ ṣe ọkàn àti ọpọlọ lóore, bí ẹ bá sì yan án gbẹ tàbí tí ẹ dín in dáadáa, eegun wẹ́wẹ́ yẹn á ṣeé jẹ, eyín àti egungun ọmọ á rí nǹkan gbà. Bí ẹ ṣe ń gbé e délé ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti ata sí i, kí ẹ yan án lórí èédú.

Ẹyin: ẹ pín kéréètì kan pẹ̀lú aládùúgbò. Àwọn olóko adìyẹ yí Ìbàdàn ká, wọ́n sì máa ń ta ẹyin tó sán lówó kékeré. Ọjọ́ tí ẹ rà á náà ni kí ẹ sè é, kó jinná dénú. Èyí tó bá ti ń jo sílẹ̀, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Ọmọdé ni kó kọ́kọ́ jẹ ẹyin nílé. Bàbá lè fara mọ́ gbẹ̀gìrì.

Wàrà sóyà, tí àwọn kan ń pè ní bẹ́ske, ni ọ̀pọ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Sóyà gbígbẹ ní purotéènì ju ẹ̀wà lọ, bíi gíráàmù 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gé bẹ́ske sínú ọbẹ̀ ata bí ẹran, àlejò míì á béèrè irú ẹran tó jẹ́. Fún ògì àwọn ọmọ, ẹ kó kóńgò àgbàdo mẹ́ta pọ̀ mọ́ kóńgò sóyà kan kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ se sóyà náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ sì bó èèpo rẹ̀, nítorí sóyà tútù kì í dà nínú ikùn.

7. Ẹ̀fọ́ àti èso: ẹ bá àsìkò rìn

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó 400 gíráàmù lójúmọ́. Ó pọ̀ lójú, kò sì pọ̀ nínú abọ́: ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀fọ́ tí a ti sè, pẹ̀lú ọsàn kan àti ègé ìbẹ́pẹ kan, ti ń sún mọ́ ọn.

Ìgbà òjò ni ti ewé. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ẹ̀bọ̀lọ̀ máa ń pọ̀ débi pé wọ́n ń bẹ yín kí ẹ rà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ti tòmátì àti ata. Bí ó bá ti di bí oṣù Kẹrin títí dé Keje, apẹ̀rẹ̀ tòmátì á gbówó lórí. Lásìkò yẹn, kí ló dé tí a fi ń bá tòmátì jà? Ẹ se ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ata rodo àti àlùbọ́sà, ẹ se ewédú, ẹ se gbẹ̀gìrì. Kò sí èyí tó nílò tòmátì níbẹ̀. Àwọn kan á lọ ra tòmátì ẹ̀ṣà. Èyí tó kàn rọ̀, tí ẹ ó sè lọ́jọ́ náà, kò burú. Èyí tó ti bu, tí nǹkan funfun tàbí dúdú ti hù lára rẹ̀, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù, ẹ jù ú nù.

Èso náà bẹ́ẹ̀. Àgbálùmọ̀ láti oṣù Kejìlá, lẹ́yìn rẹ̀ máńgòrò ní bí oṣù Kẹta sí Kẹfà, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́dọọdún. Ápù tó wọ ọkọ̀ òkun wá kò sàn ju ọsàn tó wá láti oko àdúgbò. Ẹ jẹ ọsàn náà lẹ́yìn ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Fítámìn C inú rẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Tíì tí a mu bí a ṣe ń jẹun tán ń ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àyè bí àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́yìnkùlé, kó gbin nǹkan. Gbúre rọrùn jù: ẹ já ewé sínú ìkòkò, ẹ ki igi rẹ̀ bọ ilẹ̀, ó ti di tiyín. Irúgbìn ewédú ló ń da àwọn ènìyàn láàmú torí ó máa ń lọ́ra láti hù. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sá a kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ gbìn ín. Ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ ti ń já a. Ẹ gé e, ẹ má fà á tu, á tún rúwé.

Epo pupa, ẹ má yọ́ ọ títí á fi di funfun. Fítámìn A ló wà nínú pupa rẹ̀, iná náà ló ń pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gàrí: gàrí pupa kan wà tó jẹ́ pé epo ni wọ́n fi pa á láró, òmíràn wà tó jẹ́ ti ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ní fítámìn A nínú fúnra rẹ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbí láti ọdún 1967, wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀gẹ́ náà, ọdún 2011 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Tí ẹ bá rí i lówó kan náà, ẹ mú un.

8. Iná náà ń jẹ owó

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, gáàsì tí ẹ ó lò á dín kù gan-an, afẹ́fẹ́ inú ikùn náà á dín kù. Ẹ jẹ́ kó hó kútúkútú fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ dé e, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi àwọn aṣọ ògbólógbòó wé ìkòkò náà dáadáa nínú apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ṣí i wò. Ó ti jinná tán tàbí kó kù díẹ̀, ẹ gbé e padà sórí iná kó hó, kí ẹ wá fi epo àti ata sí i. Ọkọ mi rò pé àárẹ̀ ló ń ṣe mí ní ọjọ́ kìíní tó rí ìkòkò lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ yẹra fún káún bí ẹ bá lè ṣe é. Òótọ́ ni pé ó ń mú ẹ̀wà tètè jinná, àmọ́ ó ń ba fítámìn inú rẹ̀ jẹ́. Ní ti magí, ẹ dín in kù, kí ẹ fi irú rọ́pò rẹ̀. Iyọ̀ gbogbo tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan, èyí tó wà nínú magí wà nínú rẹ̀.

9. Ọ̀sẹ̀ kan nílé tiwa

Ọjọ́ Sátidé la ń lọ ra ẹja àti ata, a ó lọ̀ ata, a ó sè é kó gbẹ. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti àmàlà, gbẹ̀gìrì tó kún àwo, ewédú, àti ẹja kòtè yíyan. Mọ́ńdè, ògì onísóyà àti àkàrà láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà lálẹ́. Túsìdeè, ọ̀dùnkún sísè pẹ̀lú ẹyin fún àwọn ọmọ. Lálẹ́, èbà kékeré àti ẹ̀fọ́ rírò tí ẹja ṣàwá ti fọ́ sínú rẹ̀. Wẹ́sìdeè ni ti mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ìkòkò ńlá la máa ń sè, tí a ó fi jẹun àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tọ́sìdeè, ohun tó bá ṣẹ́kù. Fúráídè, àsáró pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó pọ̀ àti edé. Àárọ̀ Sátidé, gàrí mímu pẹ̀lú ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan àti bẹ́ske, kì í ṣe pẹ̀lú ṣúgà.

Kò sí ẹran màlúù nínú rẹ̀, ẹ ti rí i. A máa ń rà á níparí oṣù, tàbí tí àlejò bá dé.

Bí ẹnì kan bá ní àrùn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ nílé, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà báyìí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń se gbẹ̀gìrì kún un, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rà á ní búkà kò mọ̀ ọ́n sè mọ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà funfun tàbí ẹ̀wà fífọ́ sómi fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi ọwọ́ ra á kí èèpo bọ́, ẹ ṣàn án kúrò. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ bí ògì. Ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú nínú ìkòkò, ẹ sẹ́ ẹ bí ẹ bá fẹ́ kó jọ̀lọ̀. Ẹ fi ata gígún, irú, epo pupa díẹ̀ àti iyọ̀ sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná tó lọ sílẹ̀, kí ẹ máa rò ó torí ó máa ń jóná nísàlẹ̀. Kó má ki jù: bó bá ṣe ń tutù ló ń ki sí i. Tó bá ṣẹ́kù dọjọ́ kejì, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé e kaná lálẹ́ kí ẹ tó sùn, ó tètè máa ń kan. Tiwa kì í sábà ṣẹ́kù.